Òǹkà h àti Ìwọ̀n Iṣẹ́ Onímọ̀ Sáyẹ́ǹsì

Ní ọdún 2005 ni Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní San Diego, dábàá òǹkà tí wọ́n ń pè ní h-index, láti fi díwọ̀n iṣẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Bí ènìyàn bá ní àpilẹ̀kọ 20 tí a ti tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nínú àwọn àpilẹ̀kọ mìíràn ní ìgbà 20, ó kéré tán, tí kò sì ní àpilẹ̀kọ 21 tí a tọ́ka sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ìgbà 21, 20 ni h rẹ̀.

Ó rọrùn láti ṣírò, mo gbà, ṣùgbọ́n kì í dínkù, nítorí náà ẹni tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yóò máa borí ọ̀dọ́, kódà bí kò bá ṣe ìwádìí mọ́. Ẹni tí ó kọ àpilẹ̀kọ 3 péré kò lè ní ju 3 lọ, ìbáà jẹ́ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ni a tọ́ka sí wọn. Òǹkà náà kò sì bèèrè ẹni tí ó ṣiṣẹ́ gan-an nínú àpilẹ̀kọ tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn jọ fi orúkọ sí.

Lójú tèmi, ó yẹ kí ìgbìmọ̀ tí ń gbani síṣẹ́ jókòó ka àpilẹ̀kọ ẹni tí ó ń wá iṣẹ́, dípò kí ó kàn wo h rẹ̀. Ìkéde San Francisco lórí bí a ṣe ń díwọ̀n ìwádìí, tí a ń pè ní DORA, tí ó jáde ní 2013, sọ ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀n tí a fi ń díwọ̀n jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí ń gbé àpilẹ̀kọ ìwádìí jáde, ni ó dojú kọ jù.