505 V6 Bàbá Ìkéré àti rewáyà olójúkòkòrò

Kẹ́ ẹ tó bi mí, rárá, mi ò dé Ìkọ́gòsì. Gbogbo ẹni tó gbọ́ pé mo lọ sí Èkìtì ló ń bi mí léèrè omi gbígbóná àti omi tútù, èmi ṣáà ń sọ fún wọn pé ọkọ̀ ni mo lọ wò. Peugeot 505 V6! Kì í ṣe 505 tí gbogbo wa mọ̀ yẹn o, èyí tí wọ́n ń tò ní Kaduna tí àwọn ọ̀gá ìjọba ń gbé kiri nígbà yẹn, four plug nìyẹn. Six plug lèmi ń wí, sílíńdà mẹ́fà, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, tí wọ́n ya ara wọn bíi lẹ́tà V.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń gbé Adó ló fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní bàbá kan wà ní Ìkéré, ẹbí àwọn ni wọ́n, wọ́n ní ọkọ̀ kan táwọn mẹkáníìkì ń yọ wọ́n lẹ́nu lé lórí pé kí wọ́n jẹ́ káwọn kọndẹ́ẹ̀mù ẹ́ńjìnnì ẹ̀, káwọn ju ti Toyota sí i. Mo fa fọ́tò náà tóbi, mo rí tọ́ọ̀pù sílíńdà méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, mo pariwo débi pé ìyàwó mi sáré jáde ní kíṣìnì. Ẹ́ńjìnnì PRV nìyẹn, èyí tí Peugeot, Renault àti Volvo jọ ṣe! Kéèyàn wá yọ ọ́ kó fi ti Camry sí i, ìyẹn dà bí kéèyàn gbé ẹ̀bà fún àlejò níbi ìgbéyàwó l'Ékìtì.

Ọ̀nà tá a gbà lọ, ẹ jẹ́ ká fò ó. Iléṣà, Ìtàwúrẹ́, Arámọkọ, a dé Adó. Wọ́n gba owó AC lọ́wọ́ wa ní páàkì, eruku ni AC ọ̀hún ń fẹ́ sí wa lójú títí a fi dé. Tí wọ́n bá ní bọ́ọ̀sì àwọn ní AC, ẹ ní kí wọ́n tàn án kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ilé Bàbá wà ní ibi téèyàn ti ń rí òkè Olósùnta gedegbe. Bá a ṣe dọ̀bálẹ̀ tán, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi wá ni pé ṣé a ti jẹ uyán. A ní ẹ jọ̀ọ́ sà, ká kọ́kọ́ wo ọkọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ká tàpólì kúrò. Àwọ̀ eérú, táyà ti rọ̀, àmọ́ inú ẹ̀ ṣì mọ́ ju ti taxi tó gbé wa wá lọ. Wọ́n ní ọwọ́ òyìnbó kan tó ń bá kọ́ńpìnì tó ń ṣe títì ṣiṣẹ́ làwọn ti rà á láyé Babangida, nígbà tí òyìnbó náà ń palẹ̀ mọ́ àtilọ sílé. Wọ́n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Bí V yẹn ṣe fẹ̀ tó ló máa kọ́kọ́ gbà yín lójú. Dígírì 90! V6 tó bá fẹ́ máa ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, dígírì 60 ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bàbá fúnra wọn bi mí pé kí ló dé tó fi gba gbogbo àyè báyìí. Mo ní Peugeot, Renault àti Volvo ló jọ dáwọ́ lé e, ní Douvrin lápá àríwá ilẹ̀ Faransé, V8 ni wọ́n sì ní lọ́kàn tẹ́lẹ̀ kí wàhálà epo 1973 tó dé, ni wọ́n bá gé sílíńdà méjì kúrò, wọ́n fi 90 yẹn sílẹ̀. Nígbà tó jáde nínú 504 Coupé lọ́dún 1974, ṣe ló ń tiro: sílíńdà kan á jó, òmíràn á tẹ̀ lé e lẹ́yìn tí kíránkì, irin tí àwọn písítìnì ń yí, bá yí dígírì 90, èyí tó kàn á wá fà á di 150. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó la ibi tí kíránkì ti ń gbé kọ́ńrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìnì mọ́ ọn, sí méjì, tí gbogbo wọn fi wá ń jó ní 120, 120. Ti 505 yìí, tó jáde lọ́dún 1986, ti jàǹfààní àtúnṣe yẹn: 2849 cc, agbára ẹṣin 170. Bàbá ní, “Àṣé òyìnbó náà ń ṣe mánéèjì!”

Ẹ má fojú tín-ín-rín mánéèjì yẹn o. 504 Coupé tó gbé V6 yìí ni Jean-Pierre Nicolas fi gba ìdíje ọkọ̀ Safari Rally ní Kenya lọ́dún 1978. Lọ́dún 1988, ẹgbẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ WM so túbò méjì mọ́ ọmọ ìyá ẹ́ńjìnnì yìí, wọ́n fi sínú ọkọ̀ wọn, wọ́n gbé e lọ sí Le Mans, ìdíje ọkọ̀ oníwákàtí mẹ́rìnlélógún ní ilẹ̀ Faransé, ó sá eré 405 km láàárín wákàtí kan lójú ọ̀nà Mulsanne. Kò parí ìdíje ọ̀hún ṣá, àmọ́ eré àsápajúdé yẹn gan-an ni wọ́n bá wá. Ọ̀rẹ́ mi ṣírò ẹ̀ níbẹ̀, ó ní Adó sí Ìkéré á jẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Wàhálà dé nígbà tá a fẹ́ stáàtì ẹ̀. Bátírì ti kú pátápátá. Bàbá ní ká pe rewáyà kan tó wà létí títì. Ọkùnrin yìí gun ọ̀kadà dé, bátírì lórí itan, ó wo Bàbá, ó wo ọkọ̀, ó wo kámẹ́rà tó wà lọ́rùn mi, ó ní ₦15,000. Láti fi bátírì stáàtì ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo! Bàbá ní ₦2,000 làwọn máa ń san. Ó ní, “Bàbá, four plug nìyẹn. Six plug lèyí, ó ń mu iná.” Mo ní bọ̀dá, stáàtà ni bátírì ń yí, pílọ́ọ̀gì méjì tó lé yẹn, iná mélòó ni wọ́n fẹ́ mu tó fi máa di ₦13,000? Ó ní tí mo bá mọ̀ ọ́n ṣe, kí n lọ ti ọkọ̀ náà. Lórí táyà tó ti rọ̀ yẹn! Ó ti rí i pé a ò ní ibì kankan á gbà. A ná an ná an, ó já sí ₦8,000, ó sì gbà á sápò kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan.

Wáyà tó gbé wá wá ńkọ́? Ẹnu ẹ̀ ti jẹ, ó ń ṣaná pàrà pàrà, bẹ́ẹ̀ imú mi ti ń gbọ́ òórùn epo. Mo ní ẹ dúró o, ẹ fẹ́ sun wá mọ́lé ni! Hóòsì tó ń dá epo padà sí táǹkì ló ti sán. Ọkùnrin yìí ní kò sí nǹkan kan. Bàbá ò dá a lóhùn, wọ́n wọlé, wọ́n mú hóòsì jẹnẹrétọ̀ àti kílíìpù jáde, a fi mánéèjì ẹ̀, a nu ilẹ̀, a dúró kí òórùn náà lọ ká tó tún gbìyànjú. Tẹ́ ẹ bá ń lọ wo ọkọ̀ àtijọ́ níbikíbi, ẹ gbé jump cable tiyín dání, kẹ́ ẹ sì parí owó kí rewáyà tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, torí tó bá ti rí kámẹ́rà, ó tán.

Ó dáhùn! Kò pariwo, ó kàn ń kùn nísàlẹ̀, ó lọ geere, kò tiro rárá. Nígbà tí Bàbá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ohùn ẹ̀ yí padà, ó ga, ó mú, àwọn ọmọ aládùúgbò sáré yọjú lórí fẹ́ǹsì. Ẹ mọ ẹni tó kọ́kọ́ yọ fóònù láti ká a sílẹ̀? Rewáyà! Ó ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí nínú Peugeot. Kò dá kọ́bọ̀ padà o, kó tó lọ ó tiẹ̀ ní alternator wa ò dáa mọ́, òun ní òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù.

A wá jẹ iyán. Ẹ̀gúsí, ẹran ìgbẹ́, ọ̀fẹ́. Fún ẹni tí wọ́n ti gba ₦8,000 lọ́wọ́ ẹ̀, mo jẹ ẹ́ dé orí.

Bàbá ò tà á, mo bi wọ́n, wọ́n ní kí n má tún bi wọ́n mọ́. Àmọ́ hóòsì epo ẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà pátá, ti jẹnẹrétọ̀ yẹn ò lè pẹ́, táǹkì epo tó wà lẹ́yìn náà sì ti ń gbó. Ẹni tó bá mọ mẹkáníìkì tó ti fọwọ́ kan PRV rí, ní Èkìtì, Oǹdó tàbí Ọ̀ṣun, kó kọ ọ́ sísàlẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ júwe oní-Camry kankan fún mi.