Gọ́ọ̀fù Àkúrẹ́, gọ́ọ̀fù England: kí gan-an ni owó ẹgbẹ́ ń rà fún wa?

Bí ará ilé bá gbọ́ pé ọmọ wọn tó wà ní England ti wọ ẹgbẹ́ gọ́ọ̀fù, ohun tó kọ́kọ́ ń wá sí wọn lọ́kàn ni pé ó ti dé ibi tí owó wà. Ní Àkúrẹ́, èrò yẹn ní ìdí. Ẹni tí a bá rí tó gbé àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù sẹ́yìn ọkọ̀, tó dorí kọ Ilárá-Mọ̀kín lọ sí Smokin Hills, pápá oníhò 18 tí Olóyè Michael Ade-Ojo dá sílẹ̀ ní ìlú rẹ̀, ọ̀gá iléeṣẹ́ ni, tàbí adájọ́, tàbí dókítà àgbà. Ohun tó ń dunni ni ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bá di ẹ̀sùn: ẹni tó ń rówó gbá gọ́ọ̀fù, ṣé ó yẹ kó máa sọ fún wa pé owó oṣù òun kò tíì wọlé? Ó ń dùn mí, torí ohun tí wọ́n rò pé à ń rà kọ́ ni à ń rà.

Ní England, ẹni tó ń há lẹ́tà ń gbá gọ́ọ̀fù, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe ń gbá a, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ń gbá a. Àwọn pápá kan jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè san owó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kó wọlé. Nítorí náà, bóyá ènìyàn lówó kọ́ ló wà nílẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ ni pé, ṣé kéèyàn máa sanwó ní ọjọ́ tó bá fẹ́ gbá, àbí kó san ti ọdún kan gbáko fún ẹgbẹ́ kan.

Ẹ̀yin tó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ níbí, ẹ béèrè iye owó ọdún, ẹ béèrè iye tí àlejò ń san láti yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ fi èkejì pín èkínní. Ká ní owó ọdún jẹ́ £1,400, tí àlejò ń san £40, ẹ gbọ́dọ̀ yí pápá ká ní ìgbà 35 kí owó yín tó padà wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé £1,400 yẹn kọ́ ni gbogbo owó. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń gba owó ìwọlé, ó sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọdún kan. Owó oúnjẹ àti ọtí wà, tí wọ́n ń kó sórí káàdì fún yín ṣáájú. Tí ẹ ò bá ná an tán kí ọdún tó parí, ó lè di ti ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó àjọ England Golf àti ti àjọ àgbègbè wà níbẹ̀. Owó adójútòfò wà, nítorí bọ́ọ̀lù tó bá fọ́ gíláàsì ọkọ̀ tàbí tó ba ẹlòmíràn lórí. Owó àpótí tí ẹ ó máa kó ẹrù sí wà, owó ìdíje náà wà. Bí gbogbo wọn bá fi £280 kún un, ìgbà 35 ti di 42.

Ẹ béèrè pẹ̀lú, ta ló ni pápá náà? Ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra wọn, tí kì í pín èrè, kì í gba VAT lórí owó ọdún. Èyí tó jẹ́ ti oníṣòwò ń gbà á, 20 nínú 100, nítorí náà kí ẹ mọ̀ bóyá ó ti wà nínú iye tí wọ́n pè fún yín. Ti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ewu tirẹ̀: bí òrùlé bá ń jò, tí owó kò sí nínú àpò, gbogbo yín ni wọn yóò pín in fún. Ti oníṣòwò náà ní tirẹ̀: ó lè ta ilẹ̀ náà fún àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé.

Ẹni tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ kì í rántí òtútù nínú ìṣirò yìí. Nílé, láti Ṣẹ́ẹ́rẹ́ dé Ọ̀pẹ, láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ sí méje kọjá díẹ̀ ni ilẹ̀ ń ṣú. Ní England, ní Òkúdù, ẹ lè máa gbá a títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ní Ọ̀pẹ, òrùn ti wọ̀ kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi. Bí ìrì bá dì sórí koríko, wọn yóò ti pápá pa títí yóò fi yọ́, torí ẹsẹ̀ tó bá tẹ koríko tó dì ń fọ́ ewé rẹ̀, ibẹ̀ á sì dúdú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Bí òjò bá rin ilẹ̀ gbingbin, wọ́n á ní kí ẹnikẹ́ni má fa kẹ̀kẹ́ àpò, wọ́n á sì gbé ihò kúrò lórí green, ojú koríko tí wọ́n gé mọ́lẹ̀ yí ihò ká, lọ sí ibi àfidípò tó rí gbágungbàgun. Ilẹ̀ iyanrìn ń fa omi, ilẹ̀ amọ̀ kì í fà á. Nítorí náà, ẹ bi wọ́n pé ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi ti pápá ní ìgbà òtútù tó kọjá. Bí ẹ bá yọ oṣù mẹ́rin sí márùn-ún yẹn kúrò, ìgbà 42 yóò bọ́ sínú nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 30 sí 35. Ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sẹ̀. Ẹ wo ìwé iṣẹ́ yín kí ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ìtọ́jú arúgbó, tí ọjọ́ ìsinmi wa ń bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gba ti ọjọ́ márùn-ún, Mọ́ńdè sí Fráídè, tí kì í wọ́n tó ti ọjọ́ méje. Èyí tí wọ́n ń fi póńtì ṣe náà wà, tí ẹ ó ra póńtì sílẹ̀, tí ìyípo kọ̀ọ̀kan yóò máa jẹ nínú rẹ̀: Sátidé àárọ̀ á jẹ póńtì púpọ̀, ọ̀sán Túsìdeè á jẹ díẹ̀. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún owó oṣooṣù. Pé báǹkì ń yọ ọ́ lóṣooṣù kò ní kí ẹ lè fi sílẹ̀ ní oṣù tó bá wù yín; ọdún kan ni ẹ ti fọwọ́ sí, nígbà mìíràn iléeṣẹ́ ayánilówó ló wà láàárín, èlé sì wà lórí rẹ̀. Ẹ wá ọjọ́ tí lẹ́tà ìkúrò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ akọ̀wé nínú ìwé òfin ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́ lè jẹ gbèsè ọdún mìíràn.

Nílé, owó ẹgbẹ́ kì í ni wá lára tó owó tó ń tẹ̀ lé e. Aṣọ ẹbí ọmọ ẹnìkejì tó ń ṣègbéyàwó, ìsìnkú bàbá ẹni kẹta, ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún alága: ẹ kò ní rí ìkankan nínú ìwé tí wọ́n fún yín, àmọ́ ẹ ó san án. Mo kà á sí owó gidi, kò sì burú, torí ọjọ́ tiyín náà ń bọ̀ tí wọn yóò wá.

Gbogbo èyí tí mo ti kà sílẹ̀, owó lásán ni. Ohun tó ń jẹni lára níbí ni àìrí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Ní pápá ilé, kò ṣeé ṣe kí ẹ dá wà. Kádì, ẹni tó ń báni gbé ọ̀pá, ti gba àpò lọ́wọ́ yín kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀ tán. Òun ló mọ ibi tí ilẹ̀ ti dà, òun ló ń wo ibi tí bọ́ọ̀lù wọgbó sí, òun ló ń sọ pé ọ̀pá 7 ti pọ̀ jù, kí ẹ mú 8. Níbi tó jẹ́ bráùn ni wọ́n ní, iyanrìn tí wọ́n fi epo pò dípò koríko, òun ló ń wọ́ ojú rẹ̀ kó tẹ́jú kí ẹ tó ti bọ́ọ̀lù sínú ihò. Ẹ ó bi í léèrè ìyá rẹ̀, yóò bi yín léèrè ọmọ. Ẹni tó ń gé koríko yóò kí yín kú eré. Kí ẹ tó dé ihò kẹsàn-án, ẹ ti bá ènìyàn mẹ́fà sọ̀rọ̀.

Ní England, ẹ ó fa àpò yín fúnra yín. Ẹni tí ẹ bá pàdé á mi orí, á sì kọjá. Kò kórìíra yín, bí wọ́n ṣe ń kíra wọn nìyẹn. App kan wà lórí fóònù tí ọmọ ẹgbẹ́ fi ń gba àkókò, tó sábà máa ń ṣí ní ọjọ́ 7 tàbí 14 ṣáájú. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àárọ̀ Sátidé ti kún fún àwọn mẹ́rin mẹ́rin tó ti ń bá ara wọn gbá láti ọjọ́ pípẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ tuntun yóò rí àyè ní aago méjì ọ̀sán Wẹ́sìdeè, yóò gbà á, yóò dá lọ, yóò dá bọ̀. Báyìí ni ọdún yóò ṣe yí. Ìgbà tí ìwé owó ọdún kejì bá dé, yóò ní gọ́ọ̀fù kì í ṣe ti àwa. Kò mọ̀ pé pápá nìkan ni owó òun rà, pé ènìyàn kò sí nínú rẹ̀.

Àdáwà yìí ń dí handicap pàápàá lọ́wọ́, nọ́ńbà tó ń jẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lè bá ọ̀jáfáfá díje. Láti 2020, ètò kan náà tí wọ́n ń lò kárí ayé ni England ń lò. Ẹ ó kọ́kọ́ fi káàdì tí wọ́n ń kọ èsì eré sí sílẹ̀ fún ihò 54, ìyẹn ìyípo kíkún mẹ́ta tàbí ìlàjì mẹ́fà; handicap tó ga jù ni 54.0. Bó bá yá, nínú èsì 20 tó kẹ́yìn, wọ́n ń mú 8 tó dára jù, wọ́n á wá ìdá àárín wọn. Ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ káàdì sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ bá yín gbá a, kó sì fọwọ́ sí i. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Bó bá jẹ́ handicap nìkan ni ẹ ń wá, láti 2021 ni England Golf ti ní iGolf fún àwọn tí kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan, ẹ má torí rẹ̀ san £1,400. Àmọ́ ẹni tí yóò fọwọ́ sí káàdì yín, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ rí i.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ gẹ́gẹ́ bí àlejò ní ọjọ́ àti wákàtí gan-an tí ẹ ó máa lọ. Lẹ́yìn eré, ẹ jókòó sí ilé ẹgbẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ wò ó bóyá ẹnìkan yóò bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ bi akọ̀wé bóyá wọ́n ní roll-up, ìyẹn ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni lè yọjú láìgba àyè ṣáájú, tí wọn yóò da owó péréte jọ, tí wọn yóò sì fa orúkọ láti mọ ẹni tí yóò bá ta ni gbá. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń fi ẹnìkan ti ọmọ ẹgbẹ́ tuntun fún ìgbà mélòó kan. Bó bá dáhùn pé kí ẹ kàn máa bọ̀, pé gbogbo ènìyàn ibẹ̀ ló níwà, ẹ béèrè ọjọ́ àti aago. Ẹgbẹ́ tí kò lè dárúkọ ọjọ́ kan pàtó, ẹ fi sílẹ̀, bí koríko rẹ̀ ti wù kó dán tó.

Bí ẹ bá wọlé tán, ẹ dé ibi roll-up ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ fi fóònù sínú àpò. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni òfin fún wíwá bọ́ọ̀lù láti 2019, kì í ṣe márùn-ún mọ́. Ẹ wọ́ ojú iyanrìn inú kòtò tí ẹ tẹ̀ kó tẹ́jú, ẹ tún ojú ibi tí bọ́ọ̀lù yín gún lórí green ṣe. Ẹni tí bráùn ti mọ́ lára máa ń ti bọ́ọ̀lù kọjá ihò lórí green, torí koríko ń sáré ju iyanrìn lọ, ó sì ń yà. Ẹ ti fi ìdajì wákàtí gbìyànjú rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn ṣáájú. Lẹ́yìn ihò kejìdínlógún, ẹ má sáré lọ sínú ọkọ̀. Èyí ni àwa tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ máa ń ṣe, òun ló sì ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, torí ibi ife kan tí ẹ jọ mu ni wọ́n ti ń sọ pé, ṣé ẹ wà ní Sátidé tó ń bọ̀?

Nílé, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, àgbà kan á pariwo mọ́ yín lójú ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Níbí, wọn kò ní sọ nǹkan kan, ẹ kàn máa rí i pé orúkọ yín kò sí níbẹ̀ mọ́. Òfin Equality Act 2010 kò jẹ́ kí ẹgbẹ́ tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ènìyàn sẹ́yìn nítorí àwọ̀ rẹ̀. Òfin ṣílẹ̀kùn, ó dára. Kò sí òfin tó lè mú ẹnìkan fa àga jókòó tì yín.

Ará ilé á ní kí ló dé tí a ò padà sílé, ká máa gbá a ní Ilárá-Mọ̀kín láàárín àwọn tó ń kíni. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa àwọn ènìyàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń san owó ilé ìwé ní Òndó àti oògùn màmá ní Àkúrẹ́, ibí ló wà, ẹni tó ń ṣe é kò sì gbọ́dọ̀ fi yàrá kan àti iṣẹ́ òru kan ṣe gbogbo ayé rẹ̀. Mo ti rí ohun tí ìyẹn ń sọ ènìyàn dà. Owó tí mo ń fi ránṣẹ́ sílé ń kọ́kọ́ kúrò kí owó ẹgbẹ́ tó kúrò, ti ọjọ́ méje sì ni mo ń san, nítorí Sátidé nìkan.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará ilé, bí ẹ bá pè mí ní àárọ̀ Sátidé tí n kò gbé e, kò sí nǹkan kan. Mo wà lórí pápá pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún pè lẹ́yìn aago kan.