Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Títí Kan Kòkòrò Inú Ìfun Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga. Àmì dúdú tí mo pè ní ojú ibi tí bàtà ti há mi ló di jẹjẹrẹ awọ ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Wọ́n gé e. Kò pẹ́, ó yọ kókó sí mi lábẹ́ itan.

Dókítà ní òògùn tí òun máa fà sí mi lára kì í bá jẹjẹrẹ jà fúnra rẹ̀. Ara wa ní ọmọ ogun, jẹjẹrẹ ló tẹ bíréèkì mọ́ wọn. Òògùn yìí á tú bíréèkì náà. Iṣẹ́ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún James Allison àti Tasuku Honjo lọ́dún 2018. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló ń gbà á tí kì í ṣiṣẹ́ lára wọn.

Ibi tí ẹ̀rí mi wà gan-an nìyí. Lọ́sẹ̀ tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀fun ń dùn mí, mo sì ti ra kápúsù apakòkòrò, bí mo ṣe máa ń ṣe. Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Kí lẹ lò láìpẹ́ yìí?" Díẹ̀ ló kù kí n purọ́. Mo yọ páálí náà síta. Dókítà yẹ ọ̀fun mi wò, ó ní, "Èyí kò nílò rẹ̀. Bí ẹ bá nílò rẹ̀ lóòótọ́, àwa fúnra wa la máa fún yín."

Ó ní bakitéríà inú ìfun, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí apakòkòrò lè pa, wà lára àwọn tó ń ta ọmọ ogun ara jí. Ìwádìí kan lọ́dún 2018 rí i pé àwọn tó lo apakòkòrò nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú yìí kì í jàǹfààní rẹ̀ tó àwọn yòókù. Lọ́dún 2021, wọ́n gba ìgbẹ́ àwọn tí òògùn ṣiṣẹ́ fún, wọ́n fi sínú ìfun àwọn 15 tí kò ṣiṣẹ́ fún, wọ́n sì tún fún wọn lóògùn. 6 nínú wọn jàǹfààní. Ìgbẹ́ o! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo sì ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Ara yún mi, ó rẹ̀ mí, àmọ́ nígbà tí wọ́n fà á sí mi lára lẹ́ẹ̀kẹrin, kókó náà ti ń súnkì. Àyẹ̀wò oṣù tó kọjá kò rí nǹkan kan. N kò lè búra pé torí kápúsù tí n kò lò ni, dókítà náà kò búra. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ìbéèrè yẹn sí nọ́ọ̀sì náà lẹ́nu, Òun ni mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì rìn wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.