Mo rí ère Búdà tí wọ́n pààrọ̀ orí rẹ̀ ní Nara

Iṣẹ́ pààtì ọkọ̀ tòkúnbọ̀ ló gbé mi dé Osaka. Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa ṣí ibi tí ẹ́ńjìnnì tí mo fẹ́ wò wà. Dípò kí n jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Namba láàárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, kò sì tó wákàtí kan tí mo fi dé Nara. Ìlú yìí ni olú ìlú Jàpáánì láti 710 sí 784, kí ọba tó kó kúrò níbẹ̀.

Àgbọ̀nrín ló kọ́kọ́ pàdé mi. Wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n ń rìn fàlàlà láàárín èèyàn. Ìránṣẹ́ òrìṣà ojúbọ Kasuga ni wọ́n kà wọ́n sí, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa wọ́n. Ẹni tó bá mọ Igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo, níbi tí a kì í ti í ṣọdẹ tàbí pẹja, èyí kò ní yà á lẹ́nu. Bí ẹ bá ra bisikíìtì wọn, wọ́n á máa tẹrí ba fún yín. Bí ẹ bá wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á gé yín jẹ. Èmi tètè pín tèmi.

Ní ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì Todai-ji, ère igi méjì dúró, ojú wọn le koko, ìkọ̀ọ̀kan ga ju mítà 8 lọ. Unkei, Kaikei àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn ló gbẹ́ wọn lọ́dún 1203.

Búdà fúnra rẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún, idẹ ni, ó ga tó mítà 15 lórí ìjókòó. Ọba Shomu ló ní kí wọ́n rọ ọ́, àlùfáà kan láti Íńdíà, Bodhisena, ló sì fi búrọ́ọ̀ṣì ya ẹyinjú rẹ̀ lọ́dún 752. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìtàn pààtì rẹ̀! Ilẹ̀ mì lọ́dún 855, orí já bọ́. Ogun sun tẹ́ńpìlì náà lọ́dún 1180, ogun tún sun ún lọ́dún 1567, òjò àti oòrùn sì pa Búdà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orí tó wà lọ́rùn rẹ̀ báyìí, ti 1690 ni. Ilé tó bò ó, ti 1709, kò sì fẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Lára òdòdó idẹ tó jókòó lé ni ẹ ti lè rí iṣẹ́ ayé Shomu.

Àwọn oníbàárà mi ní Ládípọ̀ á tẹjú mọ́ ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ṣé wọn ò tíì tú u rí?" Búdà yìí, wọ́n ti tú u tú u, síbẹ̀ èrò tò, a sanwó, a wọlé. Mo ya fọ́tò rẹ̀ fún wọn.

Ojúbọ Kasuga ní àtùpà bíi 3,000, òkúta àti idẹ, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ti ń dùn mí, mi ò pẹ́ níbẹ̀. Mo ra kakinoha-zushi dání: ìrẹsì tí wọ́n tẹ ẹja mọ́, tí wọ́n fi ewé pọ́n bíi mọ́ínmọ́ín. Ó kan díẹ̀, ó dùn. Ata nìkan ló kù.