Bí ọrọ̀ Èkó ṣe ń kọjá sí Ìpínlẹ̀ Ògùn, àti ibi tó ti ń dúró

Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti ń jiyàn bóyá agbègbè tí kò rí já jẹ yóò lé agbègbè olówó tó múlé tì í bá, tàbí olówó ni yóò máa fa ohun gbogbo mọ́ra. Nígbà tí Robert Barro àti Xavier Sala-i-Martin yẹ ìtàn àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà wò, wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 àlàfo tó wà láàárín olówó àti tálákà wọn ló ń dí lọ́dọọdún, èyí tó fi hàn pé ìdajì àlàfo náà yóò gbà tó ọdún 35 kó tó dí. Gunnar Myrdal ti sọ tirẹ̀ ṣáájú wọn, ní 1957: ìlú tó bá ti ta yọ lè máa fa òṣìṣẹ́ àti owó kúrò láyìíká rẹ̀, débi pé ẹ̀yìn ni àwọn aládùúgbò rẹ̀ yóò máa rìn. Lójú tèmi, òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ìhà méjèèjì, ẹni tó bá sì fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan náà, kó wo Èkó àti Ògùn.

Lọ́dún 1976 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, Èkó ni olú ìlú Nàìjíríà, òun ló ni èbúté Àpápá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni àwọn oníbàárà pọ̀ sí jù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Ìkẹjà ń wọ́n sí i. Láàárín àwọn ọdún náà ni Olóyè Adeyemi Lawson dá àgbègbè ilé iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ ní Agbára, tó wà ní ilẹ̀ Ògùn ṣùgbọ́n tí ọ̀nà Badagry so mọ́ Èkó. Ọ̀tà náà kún fún ilé iṣẹ́. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ síbẹ̀ rí ilẹ̀ tó dínwó, kò sì jìnnà sí èbúté àti ọjà.

Nígbà tí wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Mowe àti Ibafo, ọkọ̀ Berger àti ti Òṣòdì ti ń kún, nítorí pé Èkó ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń sùn níbẹ̀ ti ń jẹun. Ní ìrọ̀lẹ́, owó oṣù tí wọ́n gbà ní Ìkẹjà yóò bá wọn padà wálé, yóò sì di owó alákàrà, ti ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, ti bíríkìlà àti ti ẹni tó ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. (Àwọn ọmọ onílẹ̀ kò dúró de ìṣirò ìjọba kankan kí wọ́n tó mọ̀ pé ọrọ̀ ń bọ̀, wọ́n ti gbowó ìpìlẹ̀, wọ́n tún ti gba ti òrùlé.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti díjú ni owó orí. Òfin sọ pé ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló yẹ kó gba owó orí rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá ń gbé Mowe jẹ́ ti Ògùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ló ti ń lo ọ̀sán rẹ̀. Lọ́dún 2021, owó tí Èkó pa wọlé fúnra rẹ̀ lé ní 750 bílíọ̀nù náírà, ti Ògùn sì tó nǹkan bí 100 bílíọ̀nù, èyí tó fi í sáàárín àwọn ìpínlẹ̀ tó ń pawó jù lọ. Ọdún kan náà ni gómìnà méjèèjì, Babajide Sanwo-Olu àti Dapo Abiodun, fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti jọ mójú tó ìdàgbàsókè agbègbè ààlà wọn.

Ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ ọn pé ‘Ògùn’ ló ń lé Èkó bá. Adó-Odò/Ọ̀tà, Ìfọ̀ àti Ọbáfẹ́mi-Owódé ni, ìyẹn àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó fara kan Èkó tàbí tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó bá wà ní Ìmẹ̀kọ-Afọ̀n, lẹ́bàá ààlà orílẹ̀-èdè Benin, wà nínú ìṣirò kan náà pẹ̀lú wọn láìjẹ nínú àǹfààní náà. Ní Èkìtì, ohun tí Myrdal sọ gan-an là ń rí: wọ́n ń tọ́ ọmọ, wọ́n ń rán an nílé ìwé, Èkó sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń lọ lo ìmọ̀ náà. Nítorí náà, ìwádìí tó bá ka ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí erékùṣù tó dá dúró yóò ṣi àwọn ibi wọ̀nyí kà. Ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó fi ṣe òṣùwọ̀n, kó sì ka ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ mọ́ ọn.

Ohun tí mò ń wò báyìí ni ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn tó kìlómítà 157, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021. Ó ní ibùdókọ̀ ní Kájọlà àti Pápálántò, tí ilẹ̀ ti ṣì pọ̀. N kò rò pé wọn yóò dà bí Mowe láìpẹ́, àyàfi bí ọkọ̀ bá ń lọ tó ń bọ̀ léraléra láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ní iye tí ẹni tó ń gba owó oṣù kékeré lè máa san lójoojúmọ́.