Bí mo ṣe ń yan àgọ́ olówó pọ́ọ́kú tí òjò kò ní wọ̀ fún àjọ̀dún orin

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru ni omi kọ́kọ́ kán sí mi ní àtẹ́lẹsẹ̀. Mo rò pé àlá ni. Nígbà tí mo tan iná fóònù mi wo òkè, mo rí ẹ̀kán omi kan tí ó rọ̀ mọ́ orí òwú ní ibi tí wọ́n ti rán aṣọ àgọ́ náà pọ̀. Ó ń tóbi sí i díẹ̀díẹ̀, ó gbọ̀n, ó já, òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní ààyè rẹ̀. Aṣọ tí ó wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì ojú rírán náà gbẹ ní tirẹ̀. Ẹni tí ó ta àgọ́ náà fún mi ti fọwọ́ sọ̀yà pé omi kò lè wọ̀ ọ́, kò sì kúkú parọ́ tán: omi kò gba ara aṣọ wọlé, ojú abẹ́rẹ́ ni ó gbà.

Láti òru ọjọ́ náà, àgọ́ mẹ́ta ni mo ti rà, olówó pọ́ọ́kú sì ni gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń lọ sí àjọ̀dún orin láàárín ọdún, n kò sì rí ìdí tí èmi tí mo fẹ́ sun òru méjì tàbí mẹ́ta lórí pápá yóò fi ná irú owó tí àwọn tí ń gun òkè oníyìnyín ń ná sórí àgọ́. Lójú tèmi, aṣọ kọ́ ni ó ń ya àgọ́ pọ́ọ́kú tí ó dára sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò dára, nítorí pé aṣọ kan náà, ìyẹn polyester (aṣọ tí wọ́n fi òwú ọ̀rá hun) tí wọ́n fi polyurethane (oje tí kì í jẹ́ kí omi wọlé) pa lára, ni ẹ ó bá lára èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ojú rírán, ilẹ̀ àgọ́, àti àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà ni ọ̀rọ̀ wà.

Síbẹ̀, nọ́ńbà ni olùtajà máa ń kọ́kọ́ nà síni. Ẹ ó rí i lára páálí: 1500 mm, 2000 mm, 3000 mm. Ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ kò le. Bí a bá gbé ọ̀pá gbọọrọ kan tí inú rẹ̀ ṣófo lé aṣọ náà lórí, tí a sì ń rọ omi sínú rẹ̀, gíga tí omi náà dé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní òdìkejì aṣọ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ ní mìlímítà. Aṣọ 1500 mm lè gba òjò tí kò le jù. Láti 2000 dé 3000 ni mo máa ń wá fún òkè àgọ́, nítorí pé aṣọ tuntun ni wọ́n fi ṣe ìdánwò náà, oòrùn àti kíká-títú sì máa ń jẹ ohun tí wọ́n pa sí i lára bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Bí ẹnìkan bá ní kí n fi owó kún owó nítorí 5000 lórí òkè àgọ́, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí n sì kọjá.

Ti ilẹ̀ àgọ́ yàtọ̀. Òjò tí ń rọ̀ sórí aṣọ tí ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò ní agbára púpọ̀, ó kàn ń ṣàn kọjá ni, ṣùgbọ́n orúnkún ẹni tí ó kúnlẹ̀ láti wá tọ́ọ̀ṣì nínú òkùnkùn a máa fi gbogbo ìwúwo ara tẹ aṣọ ilẹ̀ mọ́ omi tí ó wà nínú koríko. Ìdí nìyí tí mo fi ń fẹ́ 5000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgọ́ tí owó rẹ̀ kò ga ni wọ́n fi polyethylene ṣe ilẹ̀ rẹ̀, ìyẹn ọ̀rá líle tí ó jọ tapólì. Ó wúwo, ó sì ń pariwo bí ènìyàn bá yíra padà lóru, ṣùgbọ́n omi kì í sábà rí ọ̀nà gbà lára rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ilẹ̀ náà gòkè díẹ̀ sí ara ògiri kí wọ́n tó rán an mọ́ ọn, bí etí ọpọ́n ṣe máa ń gòkè. Èyí tí wọ́n rán mọ́ ògiri ní ìsàlẹ̀ pátápátá ti fi ojú abẹ́rẹ́ sílẹ̀ de omi tí ń ṣàn lórí ilẹ̀.

Ojú rírán ni mo máa ń lo àkókò lé lórí jù lọ. Mo máa ń yí inú aṣọ òde, èyí tí òjò ń rọ̀ lé, síta, kí n gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, kí n sì tọ ojú rírán kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tí mo ń wá ni téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó ń dán, tí kò sábà fẹ̀ ju ìka ọwọ́ kan lọ, tí wọ́n fi ooru lẹ̀ bo ojú abẹ́rẹ́ náà. Kí ó wà nìkan kò tó. Mo máa ń fi èékánná gbé etí rẹ̀ wò, pàápàá ní ibi tí ojú rírán mẹ́ta ti pàdé, nítorí pé ibẹ̀ ni ọwọ́ àwọn tí ń ṣe é máa ń yá jù, tí téèpù sì máa ń ṣẹ́ po tàbí kí ó má dé ìkángun. Bí àgọ́ náà bá dára ní gbogbo ọ̀nà mìíràn ṣùgbọ́n tí kò ní téèpù, n kì í tìtorí ìyẹn kọ̀ ọ́, nítorí pé ìgò kékeré oje tí wọ́n fi ń dí ojú rírán kò wọ́n, búrọ́ọ̀ṣì kékeré sì ni a fi ń kùn ún. Kí ẹ ṣáà ti ka ohun tí wọ́n kọ sára ìgò náà: èyí tí ó jẹ́ ti silicone (oje mìíràn tí ó dà bíi rọ́bà) kò ní mú lára aṣọ tí a fi polyurethane pa, èyí tí ó jẹ́ ti polyurethane náà kò sì ní mú lára aṣọ onísilicone. Ẹ kùn ún, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó ká a.

Ọ̀rọ̀ àlàfo afẹ́fẹ́ ni ó ti mú èmi fúnra mi ṣàṣìṣe rí. Àgọ́ kejì tí mo rà jẹ́ aláṣọ kan ṣoṣo, mo sì jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ rárá, mo bá ògiri tí ó tutù rinrin àti àpò ìsùn tí ó rọ̀ jọ̀wọ̀jọ̀wọ̀. Mo ti ń múra láti dá a padà kí ó tó yé mi pé èémí àwa méjì tí a sùn nínú rẹ̀ ni. Omi tí ènìyàn kan ń mí síta tí ó sì ń làágùn jáde ní òru kan lè kún ife dáadáa; bí ó bá kan aṣọ tútù, yóò di ìrì lára rẹ̀, bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá sì kan aṣọ náà, yóò máa ṣàn sílẹ̀. Àgọ́ aláṣọ méjì ni ó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ èyí: inú rẹ̀ jẹ́ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí nẹ́ẹ̀tì, aṣọ òde sì wà lókè rẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń kọjá láàárín wọn, tí ìrì náà yóò fi dúró sí ara aṣọ òde. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá fara kanra, asán ni. Okùn tí ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í tú rárá, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fa aṣọ òde kúrò lára ti inú. (Ẹ so àkísà funfun mọ́ ọn. Ní àjọ̀dún orin, ẹsẹ̀ ọ̀mùtí tí ń padà bọ̀ lóru yóò rí okùn náà kí ojú rẹ̀ tó rí i.)

Àwọn àgọ́ tí a ń jù sókè tí wọ́n sì ń ṣí fúnra wọn wu àwọn èrò àjọ̀dún púpọ̀. N kò bú wọn. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí owó wọn kéré jẹ́ aláṣọ kan, kíká wọn sì jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀: mo ti wo ọkùnrin kan tí ó bá tirẹ̀ jìjàkadì títí tí àwọn aládùúgbò fi dúró yí i ká, tí oníkálùkù ń sọ ibi tí ó yẹ kí ó tẹ̀, tí àgọ́ náà sì ń ta padà sójú rẹ̀.

Ọ̀pá fiberglass (gíláàsì tí wọ́n fà bí òwú, tí wọ́n sì fi oje líle mú pọ̀) ni ẹ ó bá nínú àgọ́ pọ́ọ́kú. Ti alumíníọ́mù fúyẹ́ jù ú lọ, bí ó bá sì tẹ̀, a lè tún un tọ́, nígbà tí fiberglass máa ń là yẹ́lẹyẹ̀lẹ tí yóò sì gún ènìyàn lọ́wọ́. Mo máa ń mú téèpù líle dání nítorí rẹ̀. Èèkàn tí wọ́n fi sínú àgọ́ náà kì í sábà ju wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ilẹ̀ líle yóò ká a bí ìwọ̀, ẹrẹ̀ kò sì ní dì í mú. Èèkàn mẹ́wàá tí ó nípọn ni mo kọ́kọ́ fi kún ìnáwó mi, mo sì ti gbé wọn láti ara àgọ́ kan dé òmíràn.

Ní ti ìwọ̀n, ẹni méjì tí wọ́n kọ sára páálí túmọ̀ sí ara méjì tí ó tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láìsí ẹrù. Ẹ fi ẹnìkan kún un. Àwọn àgbà ní òjò tí ó rọ̀ ló kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Ní ọdún kejì, àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí àgọ́ wọn ti kún fún omi kó wọ inú tiwa, a sì sùn ní mẹ́rin ní ibi tí wọ́n ṣe fún ẹni mẹ́ta, orí sí ẹsẹ̀. Bí ẹ bá rí èyí tí ó ní ìloro kékeré níwájú, ẹ mú un, kí bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lè rí ibi dúró sí. Ẹ má ṣe sọ ìloro náà di ibi ìdáná, ẹ má sì dáná nínú àgọ́ rárá: iná ń jó aṣọ, gáàsì carbon monoxide tí kò ní òórùn sì lè pa ẹni tí ó sùn láìjẹ́ pé ó mọ̀.

Kí n tó gbé àgọ́ tuntun lọ síbikíbi, mo máa ń pa á sórí koríko nílé, kí n tẹ́ tíṣù funfun sílẹ̀ nínú rẹ̀ láti igun dé igun, kí n sì fi rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà rọ̀jò lé e lórí fún bí ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rá wọlé láti wo tíṣù náà. Ibi tí omi bá ti kán máa ń hàn gedegbe bí òṣùpá kékeré, òkè ibẹ̀ gan-an sì ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí fún oje. Àgọ́ tí mo ń lò báyìí ní irú àmì bẹ́ẹ̀ méjì.

Kò sí nọ́ńbà mìlímítà tí yóò gba ẹni tí ó pàgọ́ sínú kòtò là. Níbi àjọ̀dún orin Glastonbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 2005, òjò àti àrá òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì sọ ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀ di adágún, ọ̀pọ̀ àgọ́ sì wọ inú omi. Mo máa ń tètè dé kí n lè rí ibi tí ó ga díẹ̀, tí ó sì jìnnà sí ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́.

Bí mo bá dé ilé, mo máa ń tú àgọ́ náà sórí okùn títí yóò fi gbẹ, àní bí ó bá tilẹ̀ rẹ̀ mí tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè dúró, nítorí pé polyurethane tí a ká ní tútù máa ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀, yóò máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́, òórùn rẹ̀ yóò sì lé ènìyàn jáde. Àgọ́ tèmi pé ọdún mẹ́rin báyìí. Téèpù tí ó wà ní ìsàlẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ mi máa ń wà gan-an, ti ń gbé etí sókè ní bí ìdajì ìka. Mo ti ra oje rẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì nìkan ni n kò tíì rí.