Ẹ̀yin àgbẹ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ yá owó báńkì, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Òṣogbo ni mò ń gbé, oko ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni mò ń dá lọ́nà Ìkìrun. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ bèèrè lóònù ní báńkì, fọ́tò oko ni mo kó sínú fóònù lọ, mo rò pé tí wọ́n bá ti rí bí àgbàdo mi ṣe dúdú minimini wọ́n á mọ̀ pé mi ò kí ń ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tó dá mi lóhùn ò tiẹ̀ wò ó. Ó ní kí n kó sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́fà wá, BVN, onídùúró méjì tó ń gbowó oṣù, àti ìwé ilẹ̀. Ìwé ilẹ̀ kẹ̀? Ilẹ̀ ẹbí ni, àtayébáyé la ti ń dá a, ta ló kọ̀wé fún wa? Látìgbà òfin ilẹ̀ ọdún 1978, ọwọ́ gómìnà ni agbára ilẹ̀ wà, C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí, ni báńkì máa ń fẹ́ rí, mélòó nínú wa ló ní in?

Sítétímẹ́ǹtì yẹn ló dùn mí jù ṣá. Mo ta àgbàdo gan-an lọ́dún yẹn, àmọ́ owó ọwọ́ làwọn alágbàtà san, ọwọ́ náà ni mo ti ná an, àkáǹtì mi wá gbẹ bí ẹni tí ò ṣiṣẹ́ rí. Ọ̀dọ̀ sógundógójì ni mo padà sí, èrè ẹ̀gẹ́ odindi ọdún kan bá a lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, látorí ìkórè tó ń bọ̀ yìí, ẹ ní kí wọ́n máa sanwó yín sí àkáǹtì, tó bá jẹ́ owó ọwọ́ ẹ gbé e lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ná an, mo mọ̀ pé wọ́n á gba cháàjì, ẹ fara mọ́ ọn.

Ẹ wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba náà. Báńkì tó dá mi padà yẹn ló padà gbọ́ ti ẹgbẹ́ wa, torí a jọ dúró fúnra wa ni, ẹni tí ò bá san, gbogbo wa la máa dá a. Ẹ tún bèèrè bóyá lóònù yẹn lè wọ abẹ́ ACGSF, ìyẹn ètò onídùúró fún lóònù àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1977, òun ló ń dúró fún ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún gbèsè tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí báńkì bá ti ta ohun tí àgbẹ̀ fi dúró. Báńkì ló ń fi ọkàn ẹ̀ balẹ̀ o, gbèsè ṣì ni.

Àsìkò wá ńkọ́? Oṣù kẹta lẹgbẹ́ wa kọ̀wé lákọ̀ọ́kọ́, oṣù keje lowó jáde, àgbàdo àkọ́rọ̀ ti gbó, àrọ̀kúrò la fi gbìn. Báyìí, oṣù kọkànlá la ti ń fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tó fọwọ́ síwèé, ẹ bèèrè ìgbà tí sísan máa bẹ̀rẹ̀, torí ẹ̀gẹ́ lè lo ọdún kan nílẹ̀, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ máa san lóṣooṣù látoṣù kejì, kí lẹ fẹ́ tà? Èmi kọ̀ láti fọwọ́ sí i lọ́dún tó kọjá, mo ṣàlàyé fún wọn, wọ́n sì sún un sí ẹ̀yìn ìkórè.